Ọjọ́ Tí A Sọ Ọ̀sán Di Òru Nítorí Àlọ́ Kan

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń gbé síléètì lọ sílé ìwé ní Kútọnù, ìlú náà kò tíì tóbi tó báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí èbúté ńlá tí ọkọ̀ ojú omi ń tò sí lónìí, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ilẹ̀. Afárá onírin gígùn kan ni àwọn Faransé nà wọ inú òkun nígbà náà, orí rẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń já ẹrù, tí wọ́n á sì fi tapólì bo àpò ìyẹ̀fun kí omi òkun má bàa ta sí i. Ìyá mi ń ta àwo tánganran lọ́jà. Kétu ni àwọn méjèèjì ti wá, ìyá bàbá mi sì tẹ̀ lé wọn wá sí Kútọnù kó lè máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ọmọ wo ni mo tún ń wí? Èmi nìkan náà ni. Àwọn tí wọ́n bí lé mi kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ẹnu mi kì í sinmi láti kékeré. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a jẹun tán, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni mo máa ń lọ lúgọ sí, kí ó pa àlọ́ fún mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àlọ́ ọmọ aláìníyàá tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fi ìyà jẹ, tó fi eérú ààrò ṣe ẹní, tó sì padà di olorì. Mo lè gbọ́ ọ lálẹ́ yìí kí n tún ní kó pa á fún mi lọ́la. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi lè bèèrè rẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ìgbájú ni mo máa gbà. Èèwọ̀ ni. Ìyá àgbà ní ọmọ tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni àlọ́ náà yóò mú lọ. Ilé wa nìkan kọ́ lòfin yẹn wà o. Àwọn Gùn tí a jọ ń gbé àdúgbò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn náà.

Wàyí o, olùkọ́ tuntun kan dé sí ilé ìwé wa. Ọmọ Àgùdà ni, ọmọ àwọn tí bàbá ńlá wọn ti oko ẹrú ní ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wálé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ṣòkòtò rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mùsíyé là ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni. Ó mú ìwé kan wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ka ìtàn inú rẹ̀ fún wa ní èdè Faransé. Kí ni mo gbọ́? Ọmọ aláìníyàá! Ìyàwó bàbá! Eérú ààrò! Ibi tó yàtọ̀ díẹ̀ ni pé ọmọ náà lọ jó láàfin, ó já bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ọmọ ọba sì ń fi bàtà náà wá a kiri. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ta ló lọ sọ àlọ́ wa fún àwọn òyìnbó?

Mùsíyé pa ìwé dé, ó ní, “Ta ló gbọ́ irú ìtàn yìí rí nílé? Kó dìde kó sọ ọ́ fún wa.”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó tún bèèrè. Kò sẹ́ni tó mira. Ó yíjú sí mi, ó ní èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ ńkọ́? Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Inú bí i. Ó ní ṣé àwọn òbí wa kì í bá wa sọ̀rọ̀ nílé ni, ó ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀. A kúnlẹ̀ o, orúnkún ń ta wá, a ṣì dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ọmọbìnrin Gùn kan tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́kún, ó ní, “Mùsíyé, ilẹ̀ kò tíì ṣú!”

Ọkùnrin náà dúró, ó wò wá, ó wo oòrùn níta, ó wá bẹ́ sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ká dìde, ó sì bẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni, olùkọ́ bẹ ọmọ ilé ìwé. Ó ní ilé ìwé tí ọmọ ń sùn sí ni wọ́n mú òun lọ láti kékeré, ìyá òun àgbà sì ti kú kí òun tó padà dé, kò sẹ́ni tó pa àlọ́ fún òun rí, ká má sọ pé yóò sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó wá ní kí a lọ gbọ́ ọ nílé lálẹ́. Bó bá di ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni má pa àlọ́, kí a kàn sọ ohun tí ọmọ náà sọ nù fún òun àti ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Ìyẹn kò kúkú sí nínú èèwọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ariwo ta! Ọmọ Àgùdà kan ní bàtà aláwọ pẹlẹbẹ ni tiwọn, ẹja inú kànga ló sì ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọbìnrin Gùn tó sunkún lánàá ní irọ́ ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ló jábọ́, akàn inú ọ̀sà ló bá a wá a. Èmi ní idẹ ẹsẹ̀ ni, ìyá arúgbó kan tó bá lójú odò tó sì bá a fọ ẹ̀yìn ló gbà á là. A fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà lórí akàn. Mùsíyé ya gbogbo rẹ̀ sára pátákó, bàtà níbí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́hùn-ún, idẹ láàárín. Ó ní ká wò ó dáadáa, ìtàn kan ṣoṣo ni, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ní gbogbo ìlú tó bá wọ̀ ni. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà lókè òkun tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tẹ̀ lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kiri. Mo ronú pé iṣẹ́ dídùn nìyẹn.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé òyìnbó ńlá tó ń bójú tó ilé ìwé gbogbo yóò wá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú, wá wo ayẹyẹ ìparí ọdún wa. Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ni yóò gbé e wá, ti ìrọ̀lẹ́ ni yóò gbé e padà. Mùsíyé ní a ò ní ka ewì inú ìwé fún un gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní àlọ́ wa ni yóò gbọ́, èyí tó ní idẹ ẹsẹ̀, àti pé èmi ni n ó pa á. Èdè Faransé ni n ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè wa ni a ó fi kọrin inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nílé ìwé wa nígbà náà, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, igi pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn. Yóò sì gbé e kọ́ ọrùn títí tí yóò fi ká ẹlòmíràn mọ́ ibi tó ti ń sọ tirẹ̀. Mo ti gbé igi yẹn kọ́rùn dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti bàbá mi. Èmi yìí náà ni wọ́n wá ní kó kọrin Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe èdè wa, lójú òyìnbó ńlá! Eré ni mo sá délé.

Ìyá àgbà ń fẹ́ ẹ̀wà lójúde nígbà tí mo dé. Mo ro ẹjọ́ náà pẹ̀lú ijó. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Nígbà wo ni?”

“Lọ́sàn-án, tí òyìnbó bá jẹun tán.”

Ó gbé atẹ sílẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, oyún inú rẹ̀ ti tó bíbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìyá àgbà nawọ́ sí i, ó ní, “Wo ìyá rẹ dáadáa. Wo bó ṣe wà. Ṣé o fẹ́ kó kú ni?”

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, n kò sun irú rẹ̀ mọ́ títí mo fi lọ sílé ọkọ. Mo fẹ́ pa àlọ́ náà ju oúnjẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kan ṣoṣo nìyí. Àwọn ọmọ tó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ńkọ́? Ta ló mọ̀ bóyá ẹnìkan pa àlọ́ lọ́sàn-án níbì kan ni? Ìyá mi kàn ń fi ọwọ́ ra ikùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Mùsíyé, mo ní n kò ṣe mọ́, kó fún ẹlòmíràn. Àwọn ẹlòmíràn náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ku kí a padà sórí ewì inú ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí ṣòkòtò funfun lẹ́nu ọ̀nà wa. Mùsíyé wọlé, ó nà gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ìyá àgbà, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun yẹn! Orí ìyá àgbà wú, ṣùgbọ́n kò fi hàn.

“Dìde, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ torí àlọ́ lo fi wá, a kì í bẹ èèwọ̀.”

“Ẹ ṣeun, ìyá. N kò wá bẹ èèwọ̀. Ìbéèrè ni mo bá wá. Èèwọ̀ yìí, ṣé oòrùn ló ń wò ni, àbí aago?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín àríntàkìtì. “Aago ti ta? Níbo ni àwọn bàbá wa ti rí aago? Oòrùn ló ń wò.”

“Bí oòrùn kò bá wá rí wa ńkọ́?”

Ìyá àgbà ń wo ọmọ Àgùdà yìí látòkè délẹ̀, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń jẹ àkàsà, kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà látàná. Ó gbé òkèlè mì, ó ní, “Tapólì wà.”

Ẹ gbà mí! Bí bàbá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà ní ó dáa, ó gbà, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò lọ wo òkùnkùn náà, kì í ṣe òkùnkùn àfẹnusọ.

Gbogbo àdúgbò ló bá wa ṣe é. Bàbá mi lọ tọrọ tapólì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi afárá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lérí wá, wọ́n kàn án mọ́ fèrèsé kíláàsì tó fẹ̀ jù. Àwọn ìyá gbé ẹní wá, àwọn Àgùdà gbé aṣọ ìkélé ilé wọn wá. Ìyá àgbà jókòó sáàárín kíláàsì, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó wá ń nawọ́ sí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọjú. “Ọ̀sán ń wọlé níbí yìí. Òmíràn nìyẹn lókè.” Àwọn ọkùnrin ń fi àkísà dí i, òógùn bò wọ́n. Nígbà tí ìyá àgbà kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó ní, “Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé.” Ibẹ̀ la ti hó yèè.

Ọjọ́ pé. Òyìnbó ńlá dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ líle àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, Mùsíyé wá mú wọn lọ síbi kíláàsì tó ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Òyìnbó dúró, ó bèèrè bóyá òkú ló kú fún wa. Mùsíyé ṣàlàyé fún un. Mo ń ṣọ́ ẹnu òyìnbó, torí bó bá ní kí wọ́n ṣí i, ó parí nìyẹn. Ó wo tapólì, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ṣí fìlà lórí, ó sì tẹrí wọlé.

Ooru inú ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Àtùpà ń jó níwájú mi, n kò rí ju ojú àwọn tó wà níwájú lọ. Ìyá mi wà lára wọn, ó ní dandan òun yóò wá. Mo fa ohùn yọ: “Ààlọ́ o!” Àwọn òbí tó wà lẹ́yìn dáhùn, “Ààlọ̀!” Ó ku díẹ̀ kí páànù orí ilé ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé ibi orin, wọ́n á gbè é:

Ìyá mi lọ, kò dé o,
Ẹ bá mi pè é.
Mo pọnmi, mo ṣẹ́gi o,
Ẹ bá mi pè é.
Eérú ni mo fi ṣẹ́ní o,
Ẹ bá mi pè é.

Mo ti dé ibi tí ọmọ ọba ń gbé idẹ kiri, mo ń gbádùn ara mi, ni atẹ́gùn òkun bá dé. Tapólì tó wà lápá ọ̀tún já, ó ṣubú gbì. Oòrùn ya wọlé, ó bà lé mi lójú tààrà. Ìyá àgbà ké “Yéè!” Mo fi àlọ́ sílẹ̀. Mo wo ìyá mi, n kò lè wo ibòmíràn. Lọ́kàn mi, mo ti pa á. Àwọn ọkùnrin ń sáré kiri, òyìnbó ń sọ nǹkan sí ìyàwó rẹ̀ létí, Mùsíyé ń fò láti mú etí tapólì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ìyá mi dìde. Pẹ̀lú oyún yẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ó rọra rìn lọ síbi fèrèsé. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó dojú kọ wá, ó kẹ̀yìn sí oòrùn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ìborùn náà dí fèrèsé. Kò ṣókùnkùn tán, ṣùgbọ́n oòrùn kúrò lójú mi. Ó sọ ọ́ sókè ní èdè Kétu, níwájú òyìnbó àti gbogbo ọ̀gá ilé ìwé: “Mo wà níbí, ọmọ mi. N kò lọ ibì kan. Máa pa á lọ.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo pa á lọ. N kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Nígbà tí mo sì dé òpin, tí ìyá àgbà máa ń sọ pé ọmọ náà wọ ààfin lọ, ó tán, n kò lè fi í síbẹ̀. Mo ní ìyàwó bàbá sáré ṣíwájú, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn ààfin mọ́ ọn. Mo ní ìyá ọmọ náà ti ibi tó wà dìde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò jẹ́ kí wọ́n tì í títí ọmọ rẹ̀ fi wọlé. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Mo wá gbé orin ìkẹyìn: “Ìyá mi ti dé o!” Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbè é, “Ó ti dé o, ó ti dé!” Àgùdà ń kọ ọ́, Gùn ń kọ ọ́, òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ tí kò bá orin mu rárá. Ó ní ká tún un kọ. A tún un kọ! Láti ọjọ́ náà, a kò rí igi pẹlẹbẹ yẹn mọ́ ní kíláàsì wa.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá mi bí obìnrin, wẹ́rẹ́. Ọmọ dúró. Ìyá àgbà ń rìn káàkiri àdúgbò, ó ń pariwo, “Òru ni wọ́n pa àlọ́ yẹn o, mo wà níbẹ̀, òru ni!” Ìyá mi sì gbó, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, ó fọwọ́ rọrí sùn ní ilé ara rẹ̀.

Ayé ti yí báyìí. Inú fóònù ni àwọn ọmọ ti ń wo ọmọ aláìníyàá, wọ́n ń wò ó lówùúrọ̀, wọ́n ń wò ó lọ́sàn-án, aṣọ rẹ̀ sì ń yí padà lójoojúmọ́. Ọmọ ọmọ mi kan wà ní yunifásítì ní Kàlàvì, iṣẹ́ dídùn tí Mùsíyé sọ nígbà yẹn gan-an ló ń ṣe: ó ń gba àlọ́ yìí jọ kiri. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sáré wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní ìyàwó apẹja kan ní Fìjìrósè, létí òkun, pa á fún òun, ìyá ọmọ náà sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin níparí rẹ̀. Ó ní àwọn olùkọ́ òun ní kò sí nínú ìwé kankan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí tó gbó jù lọ, àti pé obìnrin náà búra pé láti ayé àwọn ìyá ńlá òun ló ti wà.

Mo rẹ́rìn-ín títí àbúrò mi fi jáde láti inú yàrá wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun ni wọ́n bí lọ́sẹ̀ yẹn, arúgbó lòun náà báyìí. A sọ fún ọmọ náà pé ẹnu mi ni ìparí yẹn ti jáde. Ó ké, ó fò sókè, ó dì mọ́ wa. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n pa á fún òun lójú ẹsẹ̀, òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀, òun fúnra òun ni yóò sì gbè é.

Oòrùn kún inú pálọ̀. Mo ní kò burú, èmi lè pa á. Ìyá tèmi ti lo ọjọ́ rẹ̀ pé, kò sí ẹni tí àlọ́ ọ̀sán yóò mú lọ lọ́dọ̀ mi mọ́.

“Ṣùgbọ́n ìwọ,” mo ní, “ìyá tìrẹ ńkọ́?”

Ọmọ yunifásítì wò mí, ó wo oòrùn. Ó dìde, ó sì lọ ti gbogbo fèrèsé.